Tábìlì Aláwọ̀ Eérú Méjì Nínú Pálọ̀ Nhàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Nhàn, kó kọ́kọ́ wo pálọ̀ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni gígùn rẹ̀, mẹ́ta ni ìbú rẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Pẹpẹ àwọn baba ńlá wà lára ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, alùpùpù sì máa ń sùn láàárín méjèèjì bí ọmọ ilé. Nínú yàrá yẹn ni Nhàn ti ń pààrọ̀ síìpù, tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú fún gbogbo ará ọ̀nà tóóró wa ní Mỹ Tho, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni mò ń gbé. Bí ó bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo ń kí i pẹ̀lẹ́ níbí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ìyá Thơm ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló ń wọlé wá bá mi.

Ọ̀rọ̀ tábìlì yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí àwọn àna wá. Uyên, ọmọ kan ṣoṣo tí Nhàn bí, ti rí ọkùnrin tó wù ú. Lộc lorúkọ ọmọ náà, ará Bến Tre ni, ní òdìkejì odò. Fóònù ló ń tún ṣe. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà àdúgbò ló ti máa ń pa alùpùpù rẹ̀, á wá máa tì í bọ̀ kí ariwo rẹ̀ má bàa jí àwa àgbà tó ń sùn. Ọmọ dáadáa ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ni wàhálà.

Ìyáàfin Diệp ń se súìtì àgbọn tà, ọwọ́ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí obìnrin yẹn kì í kà. Lọ́dún tó kọjá, Lộc fẹ́ fẹ́ ọmọ kan. Ìyá rẹ̀ lọ wo ilé wọn, nítorí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tún ju wíwò lọ. Ó ka àtẹ̀gùn wọn bí wọ́n ṣe ń gun òkè: ìbí, ogbó, àìsàn, ikú, ìbí, ogbó, àìsàn, ikú. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sórí ikú. Ó jókòó, kò fọwọ́ kan tíì tí wọ́n gbé fún un, ó dúpẹ́, ó sì gbé atẹ́ trầu cau, ewé àti èso jíjẹ tó gbé wá tọrọ ọmọ, padà sínú ọkọ̀. Bó ṣe parí nìyẹn. Ẹ gbọ́ mi, àtẹ̀gùn ló tú ọmọ ọlọ́mọ ká!

Uyên sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ lójúkojú pé bí wọ́n bá gbé atẹ́ padà lọ́dọ̀ òun, òun ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé òmíràn wá mọ́. Nhàn mọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí Uyên bá ti sọ báyìí, ó ti di òkúta. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú ìyá.

Tábìlì ńlá tó wà ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́ láti inú wá. Ọjọ́ tí mo gbé ìkòkò tíì lé e ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán, ìyẹ̀fun igi sì dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun ìrẹsì. A ò lè jẹ́ kí àna bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé.

"Ìyá," Uyên wí, "tábìlì kékeré méjì ló yẹ yàrá yìí. Tí alùpùpù bá fẹ́ wọlé, a kàn máa sún ọ̀kan. Aláwọ̀ eérú ni mo fẹ́."

"Eérú?" Nhàn jọ̀wọ́ aṣọ tó ń rán. "Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú."

"Àbí o fẹ́ lọ di ẹlẹ́sìn ní tẹ́ḿpìlì? Àwọn ló ń wọ eérú."

"Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀! Igi ni ẹ́, Uyên. Ọdún Ẹṣin tí mo bí ọ, igi ni kádàrá rẹ. Àwọ̀ eérú, irin ni. Irin ń gé igi! Ọmọ tó ń rá kòrò mọ èyí. Ìyá Lộc ò tí ì ní jókòó kó tó rí i."

Èmi náà ò lè pa ẹnu mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Uyên, ra aláwọ̀ ewé. Tàbí èyí tó rí bí igi gan-an. Kí ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rí lára eérú ná? Gbogbo ilé tí ẹ bá kọ́ a dà bí ìgbà tí wọ́n gbàgbé láti kùn ún."

Uyên ò dá mi lóhùn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi lọ láìdá a padà. Ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, ó gbá orúnkún rẹ̀ mú. "Ìyá, ohun gbogbo tó kù, ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án. Aṣọ tí mo máa wọ̀, oúnjẹ, òdòdó, gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí tábìlì jẹ́ aláwọ̀ eérú. Mo bẹ̀ yín."

Láti kékeré, mi ò gbọ́ kí ọmọ yẹn bẹ ẹnikẹ́ni fún nǹkan. Nhàn náà ò gbọ́ ọ rí. Ó bínú títí di ọjọ́ kejì, kò bá Uyên sọ̀rọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni ń pa ejò. Lọ́jọ́ kẹta ló sọ pé ó dáa, ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀rọ̀ kan: téèpù tí ọkọ òun fi ń wọn igi ni yóò sọ bí tábìlì náà ṣe máa tóbi tó. Ibi tí téèpù bá pupa, àwọn á rà á. Ibi tó bá dúdú, bí ọba ló kan tábìlì ọ̀hún, kó máa gbé e lọ.

Kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí kò ní irú téèpù bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bìkítà fún nọ́ńbà. Àwọ̀ là ń wò, lórí ìlà méjì tó gba gígùn rẹ̀. Pupa dára, dúdú ò dára, orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀: ọrọ̀, àìsàn, ìyapa, inú rere, iyì, òfò. Baba Uyên ti fi èyí tirẹ̀ ṣiṣẹ́ títí etí téèpù náà fi jẹ.

Èmi àti àwọn méjèèjì la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì aláwọ̀ eérú tó wà níbẹ̀ kò kéré níye. Ọ̀kan rí bí èéfín, ọ̀kan bí òjò tó ṣú, ọ̀kan bí sìmẹ́ńtì tí kò tí ì gbẹ. Uyên ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé ìdí ọ̀kan, á ní, "Ìyá, ẹ jókòó síbí ná," á fà sẹ́yìn, á wò ó. Nhàn ń jókòó, ó ń dìde, ojú rẹ̀ le koko. Mo rò pé nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni ọmọ ṣe ń ní kó jókòó.

Nhàn fa téèpù sí ọ̀kan. Dúdú. Ó fà á sí ìkejì. Dúdú. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá, obìnrin tó ń tajà sì káwọ́ lérí.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ ra tábìlì ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Bí mo bá fẹ́ ẹ, ìwọ ni mo máa gbé atẹ́ wá bá," Nhàn dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Lẹ́yìn náà ló dé ìdí méjì kan báyìí, tí wọ́n rí bí òjò tó ṣú. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ìbú rẹ̀ jẹ́ ogójì. Nhàn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ là fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Inú rere! Uyên, wá wò ó, inú rere ló bọ́ sí!" A gbé wọn sórí alùpùpù méjì, a sì wá sílé. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀, àfi Uyên tí kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀, mo kó ife mẹ́fà lọ fún wọn, nítorí ife Nhàn ti sán. Uyên wà ní ilé ìdáná. Téèpù wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọwọ́ mi ò dúró jẹ́ẹ́, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi láyé. Mo fà á sára tábìlì kan, mo kà á. Mo tún un kà. Ìyapa. Dúdú kirikiri.

"Nhàn," mo wí jẹ́jẹ́, "ìlà wo lo kà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Ìlà wo báwo? Ìlà ìsàlẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Baba Uyên máa ń kà."

Èmi àti ẹ̀ wo ara wa, mo sì rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pẹpẹ ni Baba Uyên ń kàn, títí ó fi kú, pẹpẹ àwọn òkú nìkan. Ìlà òkè wà fún ilé àwọn alààyè. Ti ìsàlẹ̀, fún pẹpẹ àti ibojì ni. Ọgbọ̀n ọdún ni Nhàn fi wo ìka ọkọ rẹ̀ lórí ìlà ìsàlẹ̀. Kò sígbà kan tó rí i kó ka ti òkè. Ìwọ̀n òkú ló fi ra tábìlì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Thơm, mo ti pa ọmọ mi."

"Pa ẹnu dé! Ta aṣọ lé e."

"Á ṣí aṣọ. O mọ̀ pé á ṣí i."

"Jẹ́ ká kó wọn pa mọ́ sílé mi."

"Kí wọ́n wá gbé trầu cau sórí kí ni? Sórí ilẹ̀?"

Ká tó wí báyìí, fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò. Nhàn di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má sọ fún Uyên. Mo ní ṣé mo ya wèrè ni?

Ìyáàfin Diệp àti Lộc nìkan ló wá, nítorí àwọn àgbà ilé wọn ń retí ohun tó máa bá bọ̀. Obìnrin náà kéré, ó gbẹ, aṣọ rẹ̀ kò ní ìwúnkì kan ṣoṣo. Ó kí wa dáadáa. Ó tan tùràrí níwájú àwòrán Baba Uyên, ó sì pẹ́ lórí ìforíbalẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí tábìlì kan, ó gbé atẹ́ trầu cau lé e. Nhàn jókòó sídìí ìkejì níbi tí tíì wà. Mo bu tíì fún un. Kò fọwọ́ kàn án.

Lộc ń wo ife ìyá rẹ̀. Gbogbo wa la ń wo ife náà.

"Tábìlì tuntun," Ìyáàfin Diệp wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ọmọ yín, igi ni, àbí mo ṣì í kà?"

"Igi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo sì rí irin méjì nílẹ̀."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn fún mi, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa dá a lóhùn. Nhàn la ẹnu, mo sì fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó mọ ohun tí mò ń wí, ó gbójú kúrò lára mi.

"Ó tún ku ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Kò ṣe é fi pa mọ́ fún yín. Ìlà ìsàlẹ̀ ni mo fi wọ̀n wọ́n. Ìlà tí ọkọ mi máa ń lò fún pẹpẹ. Òwúrọ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọjọ́ tí ọmọ wọn bá kọ́kọ́ ṣàìsàn, inú ni n ó máa fi bú ara mi títí n ó fi kú."

Ìyáàfin Diệp na ọwọ́. Mo gbé téèpù fún un. Ta ni mo jẹ́ tí n ó kọ̀? Ó fà á sára tábìlì tó wà níwájú rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ka ìlà òkè. "Ìyapa," ó wí. Ó ká téèpù náà padà, ó gbé e kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí atẹ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá!" Lộc dìde.

"Jókòó."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí sí mi lẹ́ẹ̀kejì."

"Mo ní kó o jókòó."

Inú bí mi. Atẹ́ ti kúrò lórí tábìlì, ó ti wà lórí itan rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Uyên jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà ò kúkú ní ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, ìyá," ó sọ fún Ìyáàfin Diệp. "Èmi ni mo yan àwọ̀ yẹn. Ọjọ́ méjì ni ìyá mi fi bá mi jà sí i."

"Ìwọ ọmọ igi, o yan irin?"

"Mi ò yàn án fún ara mi." Ó gbé omi náà kalẹ̀. "Ọdún Ẹṣin ni wọ́n bí ìyá mi náà, ṣùgbọ́n Ẹṣin tiwọn, omi ni. Irin ló ń bí omi. Bí ẹ bá gbà mí, ilé yín ni mo máa wà. Èmi á ní Lộc, mo máa ní ẹ̀yin náà. Ta ni yóò jókòó níbí? Ìyá mi nìkan ni, àti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo kàn ní kí ohun tó bá wà níwájú wọn láràárọ̀ máa ṣe wọ́n lóore."

Nhàn yíjú sí ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé òní ló máa kọ́kọ́ rí i.

"O ò sọ fún mi."

"Ká ní mo sọ, ṣé ẹ̀ bá gbà?"

Kò ní gbà láé. Gbogbo wa mọ̀. Ì bá ní kí Uyên ra aláwọ̀ ewé, kí òun máa jókòó lórí ilẹ̀. Ojú gba èmi tì. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bú àwọ̀ eérú lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn, mo sì mọ ọdún tí wọ́n bí Nhàn bí mo ṣe mọ tèmi. Kò sígbà kan tí mo ro tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò ro ti ara rẹ̀. Ọmọ nìkan ló rò ó.

Ìyáàfin Diệp jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú atẹ́ lórí itan. Ó wo Uyên, ó wo Lộc, lẹ́yìn náà ló wo Nhàn fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé atẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, láìsọ̀rọ̀, bí ẹni gbé ọmọ fún ìránṣẹ́. Ó dìde, ó fi orúnkún ti tábìlì tirẹ̀ títí ó fi kan ti Nhàn, etí sí etí, tíì dà sílẹ̀ díẹ̀. Ó tún fa téèpù, láti ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ dé òpin ti ìkejì.

"Ìyá Thơm, ẹ wá bá mi kà á, ojú mi ò dáa mọ́."

Mo tẹ orí ba. Ìlà òkè ni mo kà, mo fi ìka mi lé e kí n má bàa ṣìnà. Pupa ni. "Iyì," mo wí.

"Iyì," òun náà wí. "Ẹ kàn wọ́n pọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ yà mọ́. Lộc, wá ìṣó." Ó jókòó, ó gba atẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sáàárín tábìlì méjèèjì. Ó sì gbé ife rẹ̀, tó ti tutù, ó mu ún tán láìdánu dúró. Mo máa sọ òtítọ́: mo ń wo ojú obìnrin náà nígbà tí Uyên ń sọ̀rọ̀, ó ti gbà kó tó fa téèpù yẹn. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ wá wọ yàrá náà. Lộc ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, ó ń wá ìṣó nínú àpótí síìpù. Ìyáàfin Diệp yọ kàlẹ́ńdà òṣùpá jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fi itọ́ kan ìka, ó ń ṣí i.

"Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ," ó wí. "Kò sí ọjọ́ tó dára tó o títí ọdún á fi parí. Ó bá igi mu, ó bá ọmọ tèmi mu. Oṣù kẹfà la wà yìí, kò jìnnà rárá."

"Oṣù kẹjọ," Nhàn wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n." Nhàn ti di ọwọ́ aṣọ Uyên mú, kò sì dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé òun dì í mú. Obìnrin yìí ló fi òru mẹ́fà bẹ àwọn òkú ilé rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí àna gbé atẹ́ padà. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti yá jù. Ẹ bá mi wá òmíràn. Kó jìnnà díẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún Ìyáàfin Diệp pé kó fi ọjọ́ rere sílẹ̀. Uyên ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kò sì nu ojú. Ìyáàfin Diệp wo ọwọ́ tó di aṣọ náà mú. Ó tún fi itọ́ kan ìka, ó ń ṣí kàlẹ́ńdà lọ, ojú ìwé kan, òmíràn, òmíràn.

"Ọ̀kan wà ní oṣù kọkànlá," ó wí. "Kò dára tó ti oṣù kẹjọ."

Nhàn kò tí ì jọ̀wọ́ ọwọ́ aṣọ Uyên.

"Ṣùgbọ́n ó dára," Ìyáàfin Diệp wí, ó sì pa kàlẹ́ńdà rẹ̀ dé.